Ṣíṣe Iṣẹ́ Lábẹ́ Ọ̀gá Tí Àṣà Rẹ̀ Yàtọ̀ sí Tiwa

Ọ̀rọ̀ tí ìnsípẹ́kítọ̀ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan sọ níwájú àwọn ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́

 

Nígbà tí ẹ ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá bá yín sọ̀rọ̀, mo rò pé ọ̀rọ̀ ìwé owó ni ẹ fẹ́ gbọ́, nítorí òun ni wọ́n sábà máa ń pe ìnsípẹ́kítọ̀ fún. Akọ̀wé yín ní rárá, ọ̀rọ̀ ọ̀gá ni. Ó ní púpọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ wà níbí ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ẹni tí kì í ṣe Yorùbá: ará Íńdíà, ará Ṣáínà, Kòrá, òyìnbó, àti àwọn ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n wá láti ẹkùn mìíràn. Ó ní ẹjọ́ tí ń dé iwájú ìgbìmọ̀ nítorí gbólóhùn kan tàbí ìkíni kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ ju ẹjọ́ owó lọ. Mo gbà láti sọ ọ́, nítorí lójú tèmi ẹjọ́ owó náà ni. Ẹnu ọ̀nà mìíràn ni ó kàn gbà wọlé.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo bí owó wa ṣe ń rìn. Nínú ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀, ọmọ ẹgbẹ́ ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú owó wá sí ìpàdé, akápò yóò kà á lójú gbogbo ènìyàn, akọ̀wé yóò sì kọ ọ́ sínú pásíbúùkù. Kò sí ẹlòmíràn láàárín wọn. Ẹgbẹ́ ti òṣìṣẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ni ó ń yọ owó àjẹṣẹ́kù àti owó ẹ̀yáwó kúrò nínú owó oṣù wa, òun náà ni yóò sì fi owó náà ránṣẹ́ sí àpò ẹgbẹ́ ní báńkì. Ọ̀gá yẹn kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́. Kò mọ ìgbà tí a dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, kò sì mọ ohun tí ojú wa rí kí ẹgbẹ́ tó dúró. Síbẹ̀, bí kò bá fọwọ́ sí ìwé, owó kò ní jáde. Bí àárín àwa àti òun bá ṣe rí ni owó wa yóò ṣe máa rìn. Nítorí náà ó di iṣẹ́ ìgbìmọ̀ láti mọ irú ènìyàn tí ọ̀gá jẹ́, bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ nílé tirẹ̀, ohun tí ó kà sí ọ̀wọ̀ àti ohun tí ó kà sí àfojúdi.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ohun tuntun ni èyí. Ẹ̀ka iṣẹ́ tí mo wà gan-an, abẹ́ àjèjì ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn baba wa ní èésú àti àjọ, wọ́n ní ọ̀wẹ̀ àti àáró, kí òyìnbó tó dé. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tí ó ní òfin àti ìwé ẹ̀rí ìforúkọsílẹ̀, òyìnbó kan tí ń jẹ́ C. F. Strickland ni ìjọba ìgbà náà pè kí ó wá wò ó bóyá yóò ṣeé ṣe ní Nàìjíríà. Ìwé àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 1934, òfin sì tẹ̀ lé e ní 1935. Strickland yìí ti ṣe olórí ẹ̀ka aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ní Punjab ní ilẹ̀ Íńdíà, níbi tí irú òfin bẹ́ẹ̀ ti wà láti 1904. Ìlànà tí wọ́n ti lò fún àwọn àgbẹ̀ Íńdíà ni wọ́n gbé wá bá àwọn àgbẹ̀ kòkó wa. Haig, tí ó jẹ́ Olùforúkọsílẹ̀ àkọ́kọ́, òyìnbó ni. Àwọn ìnsípẹ́kítọ̀ tí ń lọ láti abúlé dé abúlé, ọmọ ilẹ̀ wa ni wọ́n. Àwọn ni wọ́n ń túmọ̀ ọ̀gá fún àgbẹ̀, tí wọ́n sì ń túmọ̀ àgbẹ̀ fún ọ̀gá. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ògbufọ̀ yìí sọ́kàn, n ó padà sí i.

Mo máa ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ ẹgbẹ́ kan bá ní, "Kí ni ará Íńdíà mọ̀ nípa kóńpáratíífù?" Òfin tí ẹgbẹ́ fi dúró, ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀, àní iṣẹ́ ìnsípẹ́kítọ̀ tí mo fi ń jẹun, ọ̀nà Íńdíà ni púpọ̀ nínú rẹ̀ gbà dé ọ̀dọ̀ wa.

Ní 1972 ìjọba ológun ṣe òfin tí ó fi àwọn òwò kan sílẹ̀ fún ọmọ Nàìjíríà nìkan, wọ́n sì fẹ̀ ẹ́ sí i ní 1977. Ní 1995 ni wọ́n fagi lé e, tí àjèjì fi lè dá ilé-iṣẹ́ ní láìní alájọni. Ẹni tí ó bá gba Agbárá kọjá sí Ọ̀tà, tàbí tí ó dé Ìgbẹ̀sà àti Ìkòròdú lónìí, mọ ohun tí mo ń wí.

Ẹjọ́ kan wà tí mo fẹ́ sọ ní kíkún. N kò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ náà. Ará Íńdíà ni ọ̀gá pátápátá níbẹ̀. Oṣù mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi ń yọ owó ẹgbẹ́ nínú owó oṣù, tí owó náà kò sì dé báńkì. Àwọn tí wọ́n ti kọ̀wé béèrè ẹ̀yáwó fún owó ilé-ìwé àwọn ọmọ wọn ń retí, akápò kò ní ohun tí yóò fún wọn. Ìgbìmọ̀ bá yan àgbà márùn-ún kí wọ́n lọ rí ọ̀gá. Wọ́n lọ lóòótọ́. Wọ́n kí i, wọ́n béèrè àlàáfíà ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀, wọ́n dúpẹ́ ìrẹsì ọdún tí ó kọjá, wọ́n gbàdúrà fún ilé-iṣẹ́. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí wọ́n dìde, èyí àgbà nínú wọn ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ owó ẹgbẹ́ wa yẹn, ẹ bá wa wò ó." Ọ̀gá mi orí rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n sì jáde. Kí wọ́n tó dé ìdí ẹ̀rọ, ìròyìn ti tàn pé ọ̀gá kọ̀ jálẹ̀, pé ó tilẹ̀ ń mi orí sí àwọn àgbà. Ní ọjọ́ kejì, ariwo ti gba ẹnu ọ̀nà, àwọn ọ̀dọ́ ń sọ pé kí wọ́n pa ẹ̀rọ.

Nígbà tí mo dé ibẹ̀, mo wọlé tọ ọ̀gá náà lọ. Ẹnu yà á. Ó ní àwọn àgbà wá kí òun, inú òun dùn, wọ́n sì mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ wọn, òun sì gbà láti wò ó. Orí tí ó mì yẹn, bí ọ̀pọ̀ ará Íńdíà ṣe ń sọ pé "mo gbọ́, ó dára" nìyẹn! Mo bi í bóyá ó mọ iye tí ó wà nílẹ̀. Kò mọ̀. Mo bi í bóyá ó mọ̀ pé oṣù mẹ́ta ni. Kò mọ̀. Mo bá jáde, mo ní kí akọ̀wé kọ ìwé ojú kan péré: orúkọ oṣù, iye tí ilé-iṣẹ́ yọ, iye tí ó dé báńkì, iye tí ó kù, ọjọ́ tí a fẹ́ gbà á. Ọ̀gá kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó sì pe olùṣírò owó rẹ̀. Ìgbà náà ni ó hàn pé wọ́n ti fi owó ẹgbẹ́ ra ohun èlò iṣẹ́, pé bí ọjà bá tà wọn yóò dá a padà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n fi san án, ti ẹlẹ́ẹ̀kejì kò sì jáde láìjẹ́ pé a tún kọ ìwé mìíràn.

N kò wẹ ọ̀gá náà mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí ó ń yọ owó olówó, ó yẹ kí ó mọ ibi tí owó náà wọ̀ sí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn àgbà wa. Wọ́n sọ̀rọ̀ dáadáa. Ní àárín Yorùbá, bí àgbà márùn-ún bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ tí wọ́n wọlé tọ ènìyàn pọ̀, kò dìgbà tí wọ́n bá la ẹnu kí ó tó mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́. Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀ a di odindi. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n inú tí àbọ̀ ọ̀rọ̀ ti ń di odindi, inú tí a tọ́ dàgbà láàárín wa ni. Ẹni tí a bí sí Gujarat tàbí sí Shanghai, odindi ọ̀rọ̀ ni kí ẹ gbé fún un. Ẹ kí i dáadáa, ẹ béèrè àwọn ọmọ rẹ̀ bí ẹ bá fẹ́, kí ẹ wá sọ iye, kí ẹ sọ oṣù, kí ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ fẹ́ gba èsì. Kí ẹ tó jáde, ẹ bi í pé, "Ọ̀gá, ṣé a lè kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí pé ẹ ti gbà?" Ìbéèrè yìí kì í ṣe àfojúdi ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀. Ohun tí ó bí wọn nínú ni pé kí ènìyàn jókòó bí ẹni tí kò ní ẹjọ́, kí ó wá jáde lọ dá ariwo sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ojú tún wà. Gbogbo wa ni wọ́n kọ́ ní kékeré pé a kì í ranjú mọ́ àgbà. Bí bàbá bá ń bá ọmọ wí, ọmọ a wolẹ̀. Òyìnbó kò kọ́ ọmọ tirẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lọ́dọ̀ wọn, ẹni tí kò bá wo ojú ẹni tí ń bá a sọ̀rọ̀, ó ní ohun tí ó ń fi pamọ́ ni. Ní ilé-iṣẹ́ kan, páálí ọjà sọnù, ọ̀gá òyìnbó pe gbogbo àwọn tí ń tọ́jú ilé ẹrù lọ́kọ̀ọ̀kan. Obìnrin kan nínú wọn, ọmọ ẹgbẹ́ wa, ń dáhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó wo ilẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Òun nìkan ni wọ́n fún ní kúẹ́rì. Ìwé tí wọ́n fi ń kó ẹrù jáde ni ó gbà á sílẹ̀, nítorí wọ́n rí páálí náà lórí ìwé ọkọ̀ mìíràn. Bí kò bá sí ìwé yẹn ńkọ́? Àwọn onídùúró méjì tí wọ́n fọwọ́ sí ẹ̀yáwó rẹ̀ kì bá máa san gbèsè títí di òní. N kò sọ pé kí ẹ máa ranjú mọ́ ọ̀gá. Ẹ lè wo iwájú orí rẹ̀, kò ní mọ̀ ọ́ yàtọ̀. Èyí tí ó sì dára jù ni kí ìgbìmọ̀ sọ àṣà wa fún ọ̀gá tuntun ní oṣù àkọ́kọ́ tí ó bá dé, kí wàhálà tó dé.

Orúkọ pípè a máa fa ìjà ju owó lọ nígbà mìíràn. Bàbá kan tí ó ti ní ọmọ-ọmọ, tí wọ́n ń pè ní Bàbá Àgbà ní àdúgbò rẹ̀, ni ọ̀gá kékeré tí kò tí ì pé ọgbọ̀n ọdún ń pè ní "Kọ́lá! Kọ́lá!" láti òkèèrè. Bàbá kò dáhùn. Wọ́n ní ó ṣe àìgbọràn. Lọ́dọ̀ ọ̀gá yẹn, orúkọ pípè ni ìfẹ́. Òun náà fẹ́ kí wọ́n máa pe òun ní Peter, a kò sì rí ẹni tí ẹnu rẹ̀ gbà á. "Ọ̀gá Peter" ni wọ́n ń pè é. Wọ́n yanjú rẹ̀ nígbà tí ẹnìkan ní kí ọ̀gá máa pè é ní "Bàbá Kọ́lá". Orúkọ náà kò tọ́, nítorí Kọ́lá ni òun fúnra rẹ̀, kì í ṣe ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n Bàbá gbà á tayọ̀tayọ̀.

Bí ọ̀gá bá jẹ́ ará Jámánì tàbí Faransé, ọ̀rọ̀ "ìwọ" àti "ẹ̀yin" kò ní ṣòro fún un. Jámánì ní "du" àti "Sie", Faransé ní "tu" àti "vous", àwọn ará wa ní Benin àti Togo sì mọ ti Faransé yẹn dáadáa. Gẹ̀ẹ́sì ni ó ti gbé tirẹ̀ sọnù, tí ó ń fi "you" kan ṣoṣo pe ọba àti ọmọ ọwọ́. Ti ará Ṣáínà tún yàtọ̀: orúkọ ìdílé ni ó máa ń ṣáájú. Bí ìwé bá pè é ní Wang Wei, Wang ni orúkọ ìdílé rẹ̀, "Mister Wang" ni yóò sì wù ú kí ẹ kọ sórí lẹ́tà ẹgbẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n dé orí ẹ̀bùn, nítorí mo mọ̀ pé ìpàdé ọdọọdún ń bọ̀. Kí ni ẹgbẹ́ wa máa ń fún ọ̀gá? Aago ara ògiri tí a kọ orúkọ ẹgbẹ́ sí lójú, tàbí agbòòrùn. Ẹ má ṣe fún ará Ṣáínà ní èyíkéyìí nínú méjèèjì! Ní èdè wọn, bí ènìyàn bá ní òun fún ẹnìkan ní aago, ìró rẹ̀ dà bí ẹni pé ó ń sin òkú ẹni náà. Agbòòrùn, ìró orúkọ rẹ̀ sún mọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún títúká. Ẹ wò ó, ẹgbẹ́ ná owó, wọ́n pàtẹ́wọ́, ọ̀gá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì gbé aago náà sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ẹ fún un ní aṣọ àdìrẹ, kí ẹ fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí i, nítorí ọwọ́ méjèèjì ni àwọn náà fi ń bọ̀wọ̀ fún ènìyàn. Ti ará Íńdíà, ẹ béèrè kí ẹ tó gbé ẹran lọ. Púpọ̀ nínú àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù kì í jẹ ẹran màlúù, ẹlòmíràn kì í jẹ ẹran rárá. Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn tún jẹ́ Mùsùlùmí tàbí Kìrìsítẹ́nì, nítorí náà ẹ má fi ojú rò ó.

A kò yàtọ̀ tó bí a ti rò nínú nǹkan gbogbo. Ọmọ Íńdíà a máa tẹ̀ ba fọwọ́ kan ẹsẹ̀ òbí rẹ̀. Kí ni ìdọ̀bálẹ̀ tún jẹ́? Àwọn náà kì í fi ọwọ́ òsì jẹun. Kòrá tí ó pẹ́ ní Ìbàdàn tàbí ní Èkó, ẹlòmíràn nínú wọn gbọ́ Yorùbá ju àwọn ọmọ wa mìíràn lọ, ẹ ṣọ́ ẹnu yín níwájú rẹ̀. Kì í ṣe òkè òkun nìkan sì ni ọ̀gá tí àṣà rẹ̀ yàtọ̀ ti ń wá. Ọ̀gá tí ó jẹ́ Ígbò lè rò pé ẹni tí ń dọ̀bálẹ̀ fún òun láàárọ̀ ń wá ojúure ni, nítorí wọn kì í dọ̀bálẹ̀ nílé wọn. Ẹ kí i ní ìdúró.

Ibi tí mo ti rí i pé irọ́ àti òótọ́ máa ń dàrú jù ni ọ̀rọ̀ òkú. Ọmọ ẹgbẹ́ kan gba ààyè lọ sin bàbá rẹ̀ ní oṣù Kejì. Ní oṣù Keje, ó tún kọ̀wé pé bàbá òun kú. Ní oṣù Kọkànlá, bàbá tún kú. Ọ̀gá pè é ní òpùrọ́, ó sì fẹ́ dá a dúró. Ẹ̀yin àti èmi mọ̀ pé ọkùnrin náà kò purọ́. Bàbá tí ó bí i ni ti àkọ́kọ́, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ni ti ẹ̀ẹ̀kejì, ẹni tí ó tọ́ ọ dàgbà ní ìlú mìíràn ni ti ẹ̀ẹ̀kẹta. Bàbá rẹ̀ ni gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n nínú ìwé ọ̀gá, bàbá kan ni ènìyàn ní. Ẹ kọ ọ́ bí ó ṣe rí: "ẹ̀gbọ́n bàbá mi", "ẹni tí ó tọ́ mi". Kò dín ọlá òkú kù. Kí ẹ sì mọ̀ pé òfin òṣìṣẹ́ kò dárúkọ ààyè ìsìnkú. Ohun tí ó bá wà nínú ìwé àdéhùn ilé-iṣẹ́ yín ni ẹ ó rí gbà.

Mo ṣèlérí láti padà sí ọ̀rọ̀ ògbufọ̀. Bí mo bá ka ẹjọ́ tí mo ti gbọ́ láti ìgbà tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn kì í ṣe láàárín ọ̀gá àjèjì àti òṣìṣẹ́. Ẹni tí ó dúró láàárín wọn ni. Ọ̀gá sọ gbólóhùn kan fún súpáfáísọ̀ tí ó jẹ́ ọmọ wa: "Sọ fún wọn kí wọ́n ṣe kánkán, ọkọ̀ ń dúró." Nígbà tí yóò fi dé ọ̀dọ̀ wa, ó ti di, "Ọ̀gá ní ọ̀lẹ ni gbogbo yín, ẹni tí kò bá fẹ́ ṣe é kí ó máa lọ sílé." Àwa náà dáhùn pé ó ti rẹ̀ wá, nígbà tí yóò fi dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá, a ti kọ iṣẹ́. Ẹlòmíràn ń ṣe èyí nítorí kò gbọ́ èdè ọ̀gá tán. Ẹlòmíràn ń ṣe é kí ọ̀gá lè máa rò pé bí kò bá sí òun, ilé-iṣẹ́ á dàrú. Agbára wà lọ́wọ́ ẹni tí ó nìkan gbọ́ èdè méjì, agbára náà sì dùn.

Èmi rò pé ó yẹ kí ìgbìmọ̀ kọ̀ láti máa gba ẹnu ẹyọ ènìyàn kan bá ọ̀gá sọ̀rọ̀ lórí owó. Kí ènìyàn méjì lọ, kí ìwé sì wà lọ́wọ́ wọn. Bí ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ bá ní ọmọ tí ó lè kọ́ Ṣáínà díẹ̀ níbi ìfóònù rẹ̀, kí ó kọ́ ọ. Kì í ṣe àṣejù. Súpáfáísọ̀ á rọra sọ òótọ́ bí ó bá mọ̀ pé ẹlòmíràn ń gbọ́.

Wàyí o, ohun kan wà tí n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé lọ sílé láti inú ọ̀rọ̀ mi: pé gbogbo ohun tí ọ̀gá bá ṣe ni a ó máa pè ní àṣà. Ní oṣù Kẹ́sàn-án ọdún 2002, iná jó ilé-iṣẹ́ kan ní Ìkòròdú ní òru. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ló kú. Ìròyìn ìgbà náà sọ pé wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn kí ẹrù má baà sọnù. Kò sí orílẹ̀-èdè tí títi ilẹ̀kùn mọ́ ènìyàn jẹ́ àṣà. Gbígbá òṣìṣẹ́ létí kì í ṣe àṣà, dídá owó oṣù ró kì í ṣe àṣà. Ìwọ̀nyí ní òfin tí ó dè wọ́n, òfin náà kò sì bi ọ̀gá léèrè ìlú rẹ̀.

Òfin òṣìṣẹ́ ti Nàìjíríà ní kí agbanisíṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ ní ìwé tí ó ṣàlàyé iṣẹ́ àti owó rẹ̀ kí oṣù mẹ́ta tó pé tí ó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti ṣiṣẹ́ fún oṣù 12 ní ẹ̀tọ́ sí ìsinmi ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà, ó kéré tán, pẹ̀lú owó rẹ̀ ní kíkún. Obìnrin tí ó lóyún ní ọ̀sẹ̀ 12, mẹ́fà ṣáájú ìbí àti mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ó bá ti pé oṣù mẹ́fà lẹ́nu iṣẹ́, owó rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín sí ìdajì. Ọ̀gá kò ní àṣẹ láti fi owó ìtanràn gé owó oṣù. Bí òṣìṣẹ́ bá sì mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́, àfi kí òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń rí sí ọ̀ràn iṣẹ́ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i kí ó tó yọ owó rẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ dá ènìyàn dúró, ìkìlọ̀ ọ̀sẹ̀ kan ni fún ẹni tí ó ti lo ju oṣù mẹ́ta lọ ṣùgbọ́n tí kò tí ì pé ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ méjì fún ẹni tí kò tí ì pé ọdún márùn-ún, oṣù kan fún ẹni tí ó ti pé ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Èyí tí ó kan ẹgbẹ́ gan-an ni pé gbogbo owó tí wọ́n ń yọ nínú owó oṣù kan kò gbọdọ̀ ju ìdá mẹ́ta rẹ̀ lọ, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́ta. Ẹni tí ń gba ₦90,000, ₦30,000 ni ààlà. Mo ti rí ẹgbẹ́ tí ó yá ọmọ ẹgbẹ́ lówó títí tí ohun tí ó ń mú délé kò tó owó ọkọ̀. Nígbà tí ọ̀gá ará Ṣáínà kọ̀ láti yọ iye yẹn, wọ́n ní ó kórìíra ẹgbẹ́. Òfin wà lẹ́yìn rẹ̀ ní ọjọ́ yẹn.

Ó ku ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa tí wọ́n lọ sí Ìlú Ọba. Púpọ̀ nínú ẹ̀yáwó tí mo rí nínú ìwé yín láti 2022 ni wọ́n kọ pé "owó ìrìnàjò ọmọ", nítorí ní oṣù Kejì ọdún náà ni wọ́n ṣí ọ̀nà fún àwọn tí ń tọ́jú arúgbó. Ní oṣù Kẹta 2024 wọ́n ní irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò lè mú ìyàwó tàbí ọmọ wá mọ́, ní oṣù Keje 2025 wọ́n ti ọ̀nà náà mọ́ àwọn tuntun tí ń bọ̀ láti òkè òkun. Ọmọ tí ó ti wà níbẹ̀, ọ̀gá tí ó gbà á síṣẹ́ náà ni ó dúró fún físà rẹ̀. Bí iṣẹ́ bá bọ́, ọjọ́ 60 ni wọ́n sábà máa ń fún un láti wá ẹlòmíràn tí yóò dúró fún un. Nítorí náà ó ń wo ilẹ̀, ó ń sọ àbọ̀ ọ̀rọ̀, ó ń sọ pé "ó dára" sí ohun tí kò dára, nítorí ẹ̀rù ń bà á. Ọ̀gá rò pé inú rẹ̀ dùn. Bí ẹ bá ń bá wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n máa kọ wákàtí tí wọ́n ṣiṣẹ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì máa tọ́jú ìwé owó oṣù wọn. Acas wà níbẹ̀ tí ń fún òṣìṣẹ́ ní ìmọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ìgbìmọ̀ náà sì ṣọ́ra: ẹ̀yáwó tí ó dúró lórí iṣẹ́ ọmọ tí ó wà ní òkè òkun, onídùúró tí ó wà nílé ni yóò san án bí iṣẹ́ náà bá bọ́.

Mo ti mú fọ́ọ̀mù kan wá, ojú ìwé kan ni. Oṣù, iye tí wọ́n yọ, iye tí ó dé báńkì, iye tí ó kù, orúkọ ẹni méjì tí wọ́n bá ọ̀gá sọ̀rọ̀ àti ọjọ́ tí ó ní òun yóò san án ni ẹ ó máa kọ sí i. Akọ̀wé kọ̀ọ̀kan yóò gba méjìlá, èyí tí yóò tó ọdún kan. Ti oṣù tí a wà yìí, kí ó wà lọ́wọ́ mi kí ọjọ́ karùn-ún oṣù tí ń bọ̀ tó kọjá. Bí ẹ bá ní ìbéèrè, ẹ nàwọ́ sókè.